Lẹ́yìn Iṣẹ́ Òòjọ́: Bí Ìfẹ́ Tuntun Ṣe Ń Ta Gbòǹgbò ní Ìjẹ̀bú

Ọlọ́pàá ni Hubert Ògúndé ní ọdún 1944. Èbúté Mẹ́ta ní ìlú Èkó ló ti ń ṣiṣẹ́, ó ń wọ aṣọ ìjọba, ó sì ń gba owó oṣù. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún náà, èrò wọ Glover Memorial Hall láti wo eré olórin kan tó dá lórí ọgbà Édẹ́nì àti ìtẹ́ Ọlọ́run. Ọlọ́pàá yìí ló ṣe àgbékalẹ̀ eré náà, òun ló kọ́ àwọn akọrin, òun náà ló sì darí wọn. Ìjọ Aládùúrà kan tó ń jẹ́ Church of the Lord ló bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́. Wọ́n ń wá owó tí wọn yóò fi kọ́ ilé ìsìn, wọ́n sì ní kó bá àwọn ṣe ètò orin tí àwọn ènìyàn yóò fẹ́ wá wò.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, tọmọdé tàgbà ló mọ̀ ọ́n. Ó dá ẹgbẹ́ African Music Research Party sílẹ̀ ní 1945, ó fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀, ó gbé ìdaṣẹ́sílẹ̀ ńlá ti ọdún 1945 sórí ìtàgé nínú Strike and Hunger. Ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà fòfin de eré rẹ̀ Yorùbá Ronú ní 1964. Nígbà tó fi máa jáde láyé ní 1990, bàbá tíátà òde òní ni gbogbo Nàìjíríà ń pè é. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti máa ń bẹ̀rẹ̀ ìtàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n fún òṣìṣẹ́ báǹkì, olùkọ́, nọ́ọ̀sì tàbí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wá ohun mìíràn tí ọkàn rẹ̀ yóò rọ̀ mọ́ lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́, àwọn ọdún tó ṣáájú 1944 gan-an ló yẹ ní wíwò.

Ọ̀sọ́sà, tí kò jìnnà sí Ìjẹ̀bú-Òde, ni wọ́n bí Ògúndé sí ní 1916. Ọmọ oníwàásù ìjọ Onítẹ̀bọmi ni, síbẹ̀ ní kékeré rẹ̀ ó ń tẹ̀ lé àwọn eégún alárìnjó, ó ń bá wọn lùlù. Ó kàwé ní Ọ̀sọ́sà, ó kà á ní Èkó, ó sì parí rẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ Wásinmi ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ó di olùkọ́ ní 1933. Lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ yìí, òun náà ló ń tẹ dùùrù nínú ìjọ, òun ló sì ń kọ́ ẹgbẹ́ akọrin. Ọdún 1941 ló tó wọ iṣẹ́ ọlọ́pàá. Ẹ ó rí i pé nígbà tí ìjọ Aládùúrà fi máa kàn sí i, ó ti tó ọdún mẹ́wàá tó ti ń kọ́ àwọn ènìyàn lórin. Kò sẹ́ni tó ń pe ìyẹn níṣẹ́. Ọwọ́ tó bá ṣẹ́ kù lára ọwọ́ tó fi ń kọ́ni ló fi ń ṣe é.

Kí ló wá jẹ́ kí ó máa bá a lọ fún ọdún mẹ́wàá láìgbowó? Ìfẹ́ wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó lè jiyàn ìyẹn. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ ń kú. Ìfẹ́ tí ènìyàn ní sí nǹkan ní oṣù kìn-ín-ní lè ti rá kó tó di oṣù kẹta. Ohun méjì ló di ìfẹ́ Ògúndé mú: ẹgbẹ́ àti ọjọ́. Ẹgbẹ́ akọrin wà tó ń retí rẹ̀, àwọn ènìyàn tó mọ̀ ọ́n lórúkọ, tí wọn yóò wá a délé bí kò bá yọjú. Ọjọ́ Ìsinmi sì wà tí kì í yẹ̀. Bí olùkọ́ bá ti rẹ̀ tó láàárín ọ̀sẹ̀, ìjọ yóò kọrin lọ́jọ́ Ìsinmi dandan, orin náà sì gbọ́dọ̀ dùn ún gbọ́. Ọ̀pọ̀ ohun tí àwọn ará Ìjẹ̀bú ń ṣe lẹ́yìn iṣẹ́ tí wọ́n fi ń jẹun ló dúró lórí òpó méjèèjì yìí, láyé àtijọ́ àti lónìí.

Ẹ wo àwọn tí ń ṣe wéré. Kí fújì tó dé, àwọn ọ̀dọ́ Mùsùlùmí ní ìlú Yorùbá máa ń kó ara wọn jọ nínú oṣù Ràmàdáánì, wọ́n á máa lu sákárà àti agogo kiri àdúgbò lóru kí àwọn aláàwẹ̀ lè jí jẹ sààrì. Ẹni tó ń ránṣọ wà níbẹ̀, ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì wà níbẹ̀, ọmọ ilé ìwé náà wà níbẹ̀. Oṣù kan péré lọ́dún ni, kò sì sẹ́ni tó ní kí wọ́n fi iṣẹ́ wọn sílẹ̀. Inú wéré ni Síkírù Àyìndé Barrister ti jáde. Ọmọdé ṣì ni nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é. Ó ṣe iṣẹ́ akọ̀wé tó ń lu ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ó wọ iṣẹ́ ológun nígbà ogun abẹ́lé, wéré kò sì kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ ní gbogbo àsìkò yẹn, títí tó fi sọ ọ́ di fújì. Nínú ẹgbẹ́ Barrister yìí ni Wàsíù Àyìndé, ọmọ Fìdípọ̀tẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde, ti bẹ̀rẹ̀ láti orí ríru ẹrù àti ohun èlò orin. Ẹ kíyè sí i pé oṣù Ràmàdáánì kì í béèrè bóyá ó rẹ ènìyàn. Tó bá dé, ó dé náà nìyẹn.

Iṣẹ́ aṣọ híhun àwọn obìnrin Ìjẹ̀bú tún ṣeé gbé yẹ̀ wò ju èyí lọ, nítorí pé kò sí ariwo kankan nínú rẹ̀. Òfì wọn kì í ṣe irú èyí tí àwọn ọkùnrin Ìsẹ́yìn fi ń hun aṣọ òkè. Ti Ìsẹ́yìn dùbúlẹ̀ gbọọrọ, aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n sì ń hun lórí rẹ̀, tí wọn yóò tún rán pọ̀. Ti àwọn obìnrin Ìjẹ̀bú dúró gangan ti ògiri, aṣọ tó fẹ̀ ni wọ́n sì ń hun. Nítorí pé ó dúró sínú ilé tàbí ọ̀dẹ̀dẹ̀, obìnrin tó ní i lè jókòó sí i bí ó bá ti ọjà dé, kó dìde lọ wo ìkòkò lórí iná, kó tún padà. Inú àlàfo tó ṣẹ́ kù lára òwò àti ìtọ́jú ilé ni aṣọ náà ń gbà jáde, ní ìwọ̀n ọwọ́ kan lẹ́ẹ̀kan.

Aṣọ wo ni? Aṣọ ọlọ́nà ni, èyí tí àwọn àgbà ẹgbẹ́ awo Òṣùgbó fi ń ṣe ẹ̀yẹ, àti ìtagbè tí wọ́n ń gbé kọ́ èjìká. Ọ̀nì, ọ̀pọ̀lọ́, ejò àti oríṣìíríṣìí ọnà mìíràn wà lára rẹ̀, wọ́n sì fi òwú tó ṣù ṣe ìdí rẹ̀ tàbí ojú rẹ̀ kó rí họ́ họ́. Ẹni tó ń kọ́ ọ kì í bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀nì. Òwú ni yóò kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n ká, lẹ́yìn náà ló máa kọ́ bí wọ́n ṣe ń ta á sórí òfì kó má bàa dẹ̀ níhìn-ín kó le lọ́hùn-ún, lẹ́yìn náà ni aṣọ tí kò ní ọnà kankan. Ìgbà tí ojú aṣọ bá tó gún dáadáa ni ìyá yóò tó fi hàn án bí a ṣe ń ki òwú àfikún bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ní ìlà kan tẹ̀ lé òmíràn, títí tí ẹranko náà yóò fi yọ. Aṣọ yìí kò mọ sí ilé. Òwò gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn Kalabari ní ẹkùn Niger Delta, tí wọ́n sọ ọ́ di ohun ìṣura ìdílé, tí wọ́n fi ń ṣe ẹ̀yẹ ìkẹyìn fún òkú àgbà. Èyí tó pọ̀ nínú àwọn obìnrin tó hun ún, òwò mìíràn ni ìlú mọ̀ wọ́n mọ́.

Àwọn àgbà yóò ní ẹni tó bá lé eku méjì á pòfo. Òótọ́ ni. Òwe yìí ni òbí máa ń kọ́kọ́ fà yọ nígbà tí ọmọ tó ń ka ìṣirò owó ní yunifásítì bá ní òun fẹ́ máa kọ́ ìlù, òun sì ni ọ̀gá ibi iṣẹ́ fi ń dá akọ̀wé rẹ̀ lẹ́kun. Ṣùgbọ́n eku méjì tí à ń lé lẹ́ẹ̀kan náà, lójú ọ̀nà kan náà, ni òwe náà ń bá wí. Ògúndé kò fi àsìkò iṣẹ́ ọlọ́pàá kọ́ orin. Obìnrin ahunṣọ kò kúrò ní ìsọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ ọjà. Oníkálukú ló ní àsìkò tirẹ̀. Ohun tó ń ba iṣẹ́ jẹ́ ni kí ènìyàn máa fi àsìkò ọ̀kan jí ti èkejì.

Robert Root-Bernstein àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí kan jáde ní 2008, tí wọ́n fi àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó gba ẹ̀bùn Nobel wé àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì mìíràn. Wọ́n rí i pé àwọn tó gba Nobel ló máa ń ní iṣẹ́ ọnà tàbí iṣẹ́ ọwọ́ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ jù, ìbáà ṣe orin, àwòrán, iṣẹ́ káfíńtà tàbí eré. Èyí kò túmọ̀ sí pé gbígbẹ́ igi ló ń sọni di ọ̀mọ̀wé. Ó kéré tán, ó fi hàn pé gbígbẹ́ igi kò dí ọ̀mọ̀wé lọ́wọ́, èyí tó sì tó láti fi dá òbí tó ń bẹ̀rù lóhùn.

Tai Ṣólàrìn kò tilẹ̀ dúró de ìwádìí kankan. Nígbà tó dá ilé ẹ̀kọ́ Mayflower sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́, ní ilẹ̀ Rẹ́mọ, ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1956, ó fi oko, iṣẹ́ ọwọ́ àti iṣẹ́ ilé kíkọ́ mọ́ ìwé kíkà. Ọmọ tó ń ka físíìsì ní láti mọ ọkọ́ dì mú. Òun fúnra rẹ̀ jẹ́ olùkọ́ tó tún ń kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn láìsinmi, àwọn ìjọba tó bá wí kò sì gbàgbé rẹ̀. Ẹ̀rù ba ọ̀pọ̀ òbí nígbà náà. Lónìí, àwọn tó kàwé jáde níbẹ̀ ló ń ṣọpẹ́ jù nípa ọkọ́ yẹn.

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí bí ẹgbẹ́ àti ọjọ́ ṣe ń ṣiṣẹ́, kó dé iwájú ààfin Awùjalẹ̀, ọba Ìjẹ̀bú, ní Ìjẹ̀bú-Òde ní ọjọ́ kẹta ọdún Iléyá. Ọjọ́ Ojúde Ọba nìyẹn. Lẹ́yìn ogun Ìmàgbọ̀n ní 1892, nígbà tí ẹ̀sìn Kristẹni àti ti Mùsùlùmí bẹ̀rẹ̀ sí í gbilẹ̀ ní Ìjẹ̀bú, àwọn Mùsùlùmí bẹ̀rẹ̀ sí í lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ ọba fún ààyè tó fún wọn láti ṣe ẹ̀sìn wọn. Ìtàn ìlú so bí ayẹyẹ náà ṣe di ti ẹlẹ́ṣin mọ́ Balógun Kúkù, ọlọ́lá tó wọ ẹ̀sìn Mùsùlùmí ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, tó sì ń fi ẹṣin àti ìlù jáde lọ kí ọba. Kò sí ẹ̀sìn tí kì í bá wọn ṣe é mọ́ lónìí.

Apá méjì ni Ojúde Ọba ní. Àkọ́kọ́ ni rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tí wọ́n bí láàárín ọdún mélòó kan síra wọn, lọ́kùnrin lóbìnrin. Awùjalẹ̀ Síkírù Káyọ̀dé Adétọ̀nà, tó gorí ìtẹ́ ní 1960 tó sì wàjà ní oṣù keje 2025, ló jí ètò yìí dìde tó sì fún un lágbára tuntun. Bobagbìmọ̀, Bobakẹ́yẹ, Gbobaníyì, Arọ́bayọ̀, Bobamáyégún: orúkọ wọn pọ̀. Agbẹjọ́rò, oníṣòwò, olùkọ́ àti awakọ̀ lè wà nínú ẹgbẹ́ kan náà nítorí pé ọdún kan náà ni wọ́n bí wọn. Ohun tí àlejò ń rí ni aṣọ, gèlè, ìlẹ̀kẹ̀ iyùn àti ìjó. Ohun tí kì í rí ni ìpàdé tó ti ń lọ láti oṣù púpọ̀ sẹ́yìn. Ẹnìkan ní láti mọ ìṣirò owó ẹgbẹ́. Ẹnìkan ní láti bá ahunṣọ sọ̀rọ̀ kí àwọ̀ má bàa yàtọ̀. Ẹnìkan ní láti kọ́ gbogbo wọn níjó kí ẹsẹ̀ lè dọ́gba. Ẹnìkan yóò ya àwòrán. Nídìí irú iṣẹ́ báyìí ni àkáǹtì tí kò jó rí láyé rẹ̀ ti lè di olùkọ́ ijó, tí olùkọ́ bàólójì ti lè bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ìyàtọ̀ láàárín òwú tó dára àti èyí tó máa ṣí. Wọn kò jókòó sílé wá ohun tuntun tí wọn yóò fẹ́ràn. Ẹgbẹ́ wọn ní àìní, wọ́n sì di ọwọ́ lé e.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó yẹ ní sísọ láìfọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. Owó aṣọ ti ń di ẹrù. Bí ẹgbẹ́ bá mú aṣọ tí owó oṣù olùkọ́ méjì kò lè rà, ẹgbẹ́ náà ti fi owó ṣe odi síwájú ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nìyẹn, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọjọ́ ìbí ló dá ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀, owó kọ́.

Apá kejì ni ti àwọn ẹlẹ́ṣin. Àwọn ìdílé Balógun àti àwọn jagunjagun àtijọ́ ló ni ín: Kúkù, Aláúsá, Òtúbù, Odejayi àti àwọn mìíràn. Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí rẹ̀, nítorí pé nínú gbogbo ohun tí ènìyàn lè kọ́ lẹ́yìn iṣẹ́ ní Ìjẹ̀bú, kò sí èyí tó ń béèrè sùúrù tó o.

Ilẹ̀ igbó ni Ìjẹ̀bú. Eṣinṣin tsetse, tó ń gbé àìsàn tó ń pa ẹṣin, kò jẹ́ kí ẹṣin gbilẹ̀ níbẹ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀, nítorí náà láti òkè Ọya ni wọ́n ti ń mú ẹṣin wá. Ìdí nìyí tí ẹṣin fi jẹ́ àmì ọlá ńlá ní ìlú náà, òun náà ló sì fà á tí ọ̀pọ̀ ọmọ ìdílé ẹlẹ́ṣin kò fi ní ẹṣin lẹ́yìnkùlé. Ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní Èkó láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, tó sì fẹ́ gun ẹṣin lọ́jọ́ Ojúde Ọba, gbọ́dọ̀ wá ibi tí yóò ti kọ́ ọ, kó sì tètè wá a.

Orí ilẹ̀ ni ẹ̀kọ́ náà ti ń bẹ̀rẹ̀. Olùkọ́ kì í kọ́kọ́ gbé ènìyàn sórí gàárì. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò dúró ti ẹṣin, yóò jẹ́ kó gbóòórùn òun, yóò kọ́ láti máa sún mọ́ ọn láti ẹ̀gbẹ́ níbi tí ẹṣin ti lè rí i, nítorí pé ẹṣin tí ènìyàn bá yọ sí lẹ́yìn lè tàpá. Yóò kọ́ bí a ṣe ń di gàárì kó má bàa yí, àti bí a ṣe ń ki ìjánu bọ̀ ọ́ lẹ́nu láìdẹ́rù bà á. Apá òsì ni wọ́n ti ń gùn ún. Tó bá ti jókòó, gìgísẹ̀ rẹ̀ yóò wà nísàlẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ yóò nà, ọwọ́ rẹ̀ yóò sì rọ̀ lórí okùn ìjánu. Àṣìṣe gbogbo ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ ni pé ẹ̀rù máa ń jẹ́ kó fa ìjánu mọ́ra, ẹnu ẹṣin yóò máa dùn ún, ẹṣin yóò sì máa gbé orí sókè, ẹ̀rù ẹni tó gùn ún yóò wá di ìlọ́po méjì. Ó lè pẹ́ díẹ̀ kí ara tó mọ̀ pé itan àti ìdí ni wọ́n fi ń jókòó lórí ẹṣin, pé ọwọ́ kò wà fún dídì mú. Ìrìn jẹ́jẹ́ ló kàn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìrìn kánmọ́kánmọ́ tó ń mi ènìyàn lára jìgìjìgì. Eré sísá ló kẹ́yìn.

Gbogbo èyí, ní pápá tó dákẹ́ rọ́rọ́ ni. Ojúde Ọba kò dákẹ́. Ìlù wà níbẹ̀, fèrè wà níbẹ̀, ìbọn ń dún láwẹ́láwẹ́, èrò pọ̀ bí omi. Ẹṣin tí kò gbọ́ ìró ìbọn rí yóò gbé ènìyàn lọ síbi tí kò rò. Nítorí náà àwọn tó mọ̀ ọ́n máa ń kọ́ ẹṣin náà lọ́tọ̀ kí ó lè fara da ariwo, láti ìlù díẹ̀ dé ìlù púpọ̀, kí wọ́n tó gbé òun àti ẹni tó gùn ún pàdé níwájú ọba. Èyí ló fà á tí àwọn ìdílé náà fi ń gbé ọmọ kéékèèké sórí ẹṣin, àgbàlagbà yóò sì di okùn mú nísàlẹ̀. Ọmọ tó ti ń gòkè láti ọmọ ọdún mélòó kan kò ní láti ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bá ẹ̀rù jà nígbà tó bá di ẹni ogójì ọdún tí iṣẹ́ ti wọ̀ ọ́ lọ́rùn.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, gbogbo ayé rí ọ̀kan nínú wọn. Farooq Oreagba, onímọ̀ ìdókòwò tó ti lo ohun tó ju ọgbọ̀n ọdún lọ nídìí iṣẹ́ owó, tó sì ń darí ilé iṣẹ́ NG Clearing nígbà náà, gun ẹṣin jáde fún ìdílé rẹ̀ pẹ̀lú awò dúdú lójú, àwòrán rẹ̀ sì tàn ká orí íntánẹ́ẹ̀tì láàárín ọjọ́ díẹ̀. Àwọn tí kò mọ̀ ọ́n rò pé ọjọ́ yẹn ló yọ lójijì. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ rárá, ó ti ń gun ẹṣin tipẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó ya àwòrán rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ti sọ ọ́ ní gbangba pé ní 2014 ni àyẹ̀wò fi hàn pé òun ní jẹjẹrẹ inú mùdùnmúdùn eegun, ó sì ti fi òkìkí tó dé bá a yìí ṣe alágbàwí àwọn tó ní àrùn jẹjẹrẹ. Ọkùnrin tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìwé owó, tí ara rẹ̀ sì ti rí ìpọ́njú, ṣì ní ọjọ́ kan lọ́dún tó gbọ́dọ̀ le tó láti jókòó sórí gàárì. Kò sí oògùn tó lè ṣe irú iṣẹ́ tí ìretí bẹ́ẹ̀ ń ṣe fún ọkàn.

Ẹnìkan lè bi wá pé ohun tí ènìyàn ń dá ṣe ńkọ́? Ìwé kíkọ, bí àpẹẹrẹ, kò ní ẹgbẹ́, kò ní ọjọ́ ọdún. Amos Tutùọlá láti Abẹ́òkúta ni àpẹẹrẹ tó yá jù. Ó kọ́ iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ bàbà, ó fi ṣiṣẹ́ fún ọmọ ogun òfurufú Gẹ̀ẹ́sì nígbà ogun àgbáyé kejì, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́yìn ogun, ó sì di ìránṣẹ́ ní ọ́fíìsì ẹ̀ka ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ní Èkó. Òun nìkan ló jókòó kọ ìtàn ọ̀mu-ẹmu rẹ̀, èyí tí ilé iṣẹ́ Faber and Faber tẹ̀ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1952. Lóòótọ́, kò ní ẹgbẹ́. Ṣùgbọ́n ó rí ìpolówó àwọn ìwé tí ẹgbẹ́ Kristẹni kan ń tẹ̀, ó sì fi iṣẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́ sí wọn, àwọn ni wọ́n sì bá a wá ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ Faber. Ó rí ẹni tó lè fi iṣẹ́ náà hàn. Bí kò bá rí i, ó ṣeé ṣe kí ìwé náà ti kú sínú àpótí.

Ní Òṣogbo ní ìgbà tí ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọnà Mbárí Mbáyọ̀ ń ṣiṣẹ́, òpó ẹgbẹ́ tún fara hàn. Jimoh Buraimoh ló ń bójú tó iná mànàmáná fún ẹgbẹ́ tíátà Dúró Ládiípọ̀. Nígbà tí ayàwòrán Georgina Beier ṣí ẹ̀kọ́ àwòrán fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ ní 1964, oníná yìí wọlé, ó sì padà di gbajúmọ̀ tó ń fi ìlẹ̀kẹ̀ ṣe àwòrán. Ẹ̀kọ́ náà kò pẹ́, kò sì sẹ́ni tó béèrè ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ṣí sílẹ̀.

Fún ẹni tó ń gbé Ìjẹ̀bú-Òde lónìí, ibi tó yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀ kò jìnnà. Kó wo ẹgbẹ́ tó ti wà tẹ́lẹ̀, ìbáà ṣe akọrin ìjọ, ẹgbẹ́ àsálátù, rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ tàbí ẹgbẹ́ àwọn tó jọ kàwé jáde ní Ìjẹ̀bú-Òde Grammar School, kó sì béèrè iṣẹ́ tí kò sẹ́ni tó ń ṣe. Kó yan èyí tí kò jọ iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀. Ẹni tó ń fi gbogbo ọjọ́ wo kọ̀ǹpútà kò nílò ìfẹ́ tuntun tí yóò tún gbé e jókòó síwájú kọ̀ǹpútà. Òfì, ìlù, ẹṣin àti ọgbà ẹ̀fọ́ ń lo ọwọ́ àti ara, wọ́n sì ń fún ojú nísinmi. Kó má ra ohun èlò olówó ńlá lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Kó yá ti ẹlòmíràn lò títí yóò fi mọ̀ bóyá ọkàn rẹ̀ dúró síbẹ̀. Kó sì dá ọjọ́ kan tí yóò fi ohun tó kọ́ han ènìyàn, kódà bó jẹ́ àwọn ará ilé rẹ̀ nìkan ló máa wò ó. Bí ó bá gbìyànjú rẹ̀ tó rí i pé kì í ṣe tòun, kó fi í sílẹ̀ láìtijú, kó lọ wo òmíràn.

Àwọn tó lè ṣí ilẹ̀kùn fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ náà ní iṣẹ́ tiwọn. Àwọn ìyá tó ṣì mọ òfì dídúró hun kò pọ̀ mọ́, ọjọ́ orí sì ti ń dé sí wọn. Àwọn olórí rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ tó ń kó owó jọ fún aṣọ lọ́dọọdún lè yọ díẹ̀ nínú rẹ̀ san fún irú ìyá bẹ́ẹ̀ kó máa kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta, kí aṣọ tí ẹgbẹ́ ń wọ̀ sì máa ti ọwọ́ wọn jáde. Àwọn ìdílé ẹlẹ́ṣin lè ṣí pápá wọn fún ọmọ tí kì í ṣe ti ìdílé náà láàárín ọdún, nígbà tí kò sí ayẹyẹ, tí ẹṣin sì rọrùn láti rí. Kí ẹni tó bá fẹ́ kọ́ gígun ẹṣin sì lọ bá wọn nísinsìnyí, kó má dúró dìgbà tí Iléyá bá ku ọ̀sẹ̀ méjì.